ÌTÀN ÌYÁ AFALA, ẸNI TÍ ỌLỌ́RUN DÁ ỌMỌ RẸ̀ PADÀ FÚN

Nínú ìwé wa yìí a máa ń sọ ìtàn ayé ẹnì kan, kí àwa tó wà láyé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọlọ́mọ kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Afala.

A mọ̀ pé ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ pọ̀ ju ẹni tó mọ orúkọ tirẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bíbélì Yorùbá tí ẹ ń gbé lọ sí ilé Ọlọ́run, ọwọ́ Àjàyí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kò yẹ ká máa yin ọmọ lójoojúmọ́ kí á má mọ ìyá tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ tí a fi mú ìtàn yìí jáde. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, tí àwọn tó ní ìṣòro máa ń wá fún àdúrà, kì í ṣọ̀wọ́n kí á rí ìyá kan tí yóò kúnlẹ̀ tí kò ní lè sọ̀rọ̀. Tí a bá bi í léèrè, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọ lọ sí Gàbọ̀n, ọmọ lọ sí Àbíjàn, ọmọ lọ sí Èkó, ọdún mẹ́ta rèé, ọdún mẹ́wàá rèé, kò sí lẹ́tà, kò sí iṣẹ́. Ohun tí ìyá yẹn ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọmọ òun wà láàyè? Ẹ̀yin ìyá bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìwé yìí fún. Afala wà nírú ipò yín fún ọdún 25.

ILÉ RẸ̀ NÍ ÒṢOÒGÙN

Òṣoògùn ni Afala gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Àwọn tó tọ́ ìtàn ìdílé náà sọ pé ìdílé ọlá ni Afala ti wá, pé ó bá Aláàfin Abíọ́dún tan, àti pé Ọbàtálá ni ó ń sìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Nígbà tí à ń wí yìí, kò sí oníwàásù kankan tó tíì gbé ìhìn rere dé Òṣoògùn. Ohun tó bá nílé baba rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ẹ sì rò ó wò: ẹni tó bá ń sin Ọbàtálá, aṣọ funfun ni aṣọ rẹ̀. Kí ìyá yìí tó gbọ́ orúkọ Jésù rárá, ó ti mọ aṣọ funfun. Àwa tí à ń wọ sùtánà funfun lónìí, ká fi èyí sọ́kàn, a ó padà wá sórí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1809, Afala bí ọmọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀ wáyé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Àjàyí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n lọ bèèrè nípa ọmọ náà, babaláwo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi í fún òrìṣà kankan, nítorí Ọlọ́run ọ̀run ni yóò sìn. A kò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí lọ sọ́dọ̀ babaláwo o. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù kò sí ẹnu tí kò lè là.

ỌJỌ́ TÍ OGUN DÉ

Ní ọdún 1821, ogun dé Òṣoògùn. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń dàrú nígbà náà. Àwọn Fúlàní wà nínú ogun yìí, àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn náà sì wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ṣe ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlú ọ̀hún tó 12,000 ènìyàn, ó sì ní odi. Àárọ̀ ni, àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Ọkọ Afala sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà sójú ìjà. Ìgbà tí wọ́n fojú kàn án kẹ́yìn nìyẹn.

Afala gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó kó àwọn yòókù, wọ́n gba inú igbó. Wọn kò rìn jìnnà. Àwọn jagunjagun ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Ìyá àgbà Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó mọ̀ pé oko ẹrú ni màmá àgbà náà kú sí.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu, kò yẹ kí ìtàn yìí ṣàjèjì sí wa. Ogun fọ́ Kétu ní ọdún 1886, wọ́n kó ènìyàn lọ, ilé sì dahoro. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á sọ ọ́ dé ibì kan, wọ́n á dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí àgbàlagbà bá dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹrú dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹran. Àjàyí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bọ́ sọ́wọ́ ìjòyè kan. Afala àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọn kò tó bẹ́ẹ̀ láti pariwo ẹkún, ikùn ni wọ́n fi ń sun ún. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n tún fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọmọ tí ìyá lóyún rẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án, ẹṣin kan ni wọ́n fi dípò rẹ̀!

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹni tó gba Àjàyí dá a padà, ó gba ẹṣin rẹ̀. Ìjòyè náà wá mú ọmọ yìí lọ sí ìlú tirẹ̀ tí à ń pè ní Dada. Ta ni ó bá níbẹ̀? Afala ìyá rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ kékeré. Inú ilé kan náà kọ́ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ọmọ ń lọ wo ìyá rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oko ẹrú, ayọ̀ kan wà: ìyá mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á rí ọmọ òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Àjàyí bá ọkùnrin kan lọ sí ilé kan nítòsí, kó lọ gba owó wá. Ó lọ, kò padà mọ́. Wọ́n ti tà á. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ti mú un gba ọ̀nà Ìjàyè lọ. Kò rí ìyá rẹ̀ kó dágbére fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni ẹ lè sọ bí àárọ̀ ọjọ́ kejì ṣe máa rí fún Afala. Ẹnu kì í lè ròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán.

ỌDÚN 25

A ó sọ ìrìn ọmọ náà ní ṣókí, nítorí ìtàn ìyá ni à ń sọ. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó bọ́ sọ́wọ́ obìnrin oníṣòwò kan. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀nà Pópó ni obìnrin náà ń tọ̀, níbi tí àwọn Pọtogí ti ń ra ẹrú, ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ọlọ́run kò jẹ́. Wọ́n wá mú un dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ Pọtogí gbé e sókun pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun gbá wọn mú, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ́ ìwé, ó gba ìrìbọmi ní ọdún 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel. Ní 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Afala kò mọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Lójú tirẹ̀, ọmọ lọ jíṣẹ́ nírọ̀lẹ́, kò sì wálé mọ́. Ọmọ náà kò mọ ibi tí ìyá wà. Àjàyí fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun kò ní fojú kan ìyá òun mọ́.

Ìyà tó jẹ Afala kò tán níbẹ̀. Wọ́n mú un lẹ́rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní láti wá owó rà á padà. Ọkọ ti lọ, Òṣoògùn ti tú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Nígbà tí a tún gbọ́ ìròyìn ìyá yìí, ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Abake, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni ó ń gbé. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí ogun kó pọ̀ mọ́ ọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ara ìyá ti gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn, síbẹ̀ òun ló ń tọ́jú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ kan sọnù, ìyá kò tìtorí rẹ̀ gbàgbé àwọn tó kù. A ti rí ìyá tó jẹ́ pé nítorí ọmọ kan tó lọ, kò ráyè mọ́ fún èyí tó wà nílé. Ọmọ tó wà nílé kò jẹun, kò sẹ́ni tó bi í. Ó wá dà bíi pé ọmọ méjì ló sọnù. Afala kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

BÍ WỌ́N ṢE RÍRA

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Àjàyí dé Àgbádárìgì pẹ̀lú aya rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìhìn rere. Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ Àgbádárìgì, kò jìnnà sí wa. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí níbẹ̀ ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àbọ̀. Ó lè dà bíi pé àkókò ṣòfò. Àkókò Ọlọ́run kì í ṣòfò. Ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta.

Wọn kò tíì lò tó oṣù kan níbẹ̀ tí ìròyìn fi kàn dé etí Afala. Ó dìde, òun àti ọmọ ọkọ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọbàkan fún Àjàyí, wọ́n wá a lọ sí Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni.

Ìyá rí àlùfáà kan tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wọ aṣọ òyìnbó. Ọmọdé tó ń sáré wá wò ó láàárọ̀ ni ó mọ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá. Lẹ́yìn náà ni ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi pè é nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Àjàyí rántí wọn. Sàró kò pa orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́, Lọ́ńdọ̀nù kò pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi oríkì du àwọn ọmọ yín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí òun nìkan ni ọmọ máa fi mọ ilé.

Iṣẹ́ ìyanu mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn oníwàásù máa ń ní ìwé tó ń yan ẹsẹ Bíbélì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ tó bọ́ sí ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù 10, ẹsẹ 14, níbi tí a ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ tí kò ní baba. Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á fúnra yín. Àjàyí jẹ́rìí pé òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ yẹn rí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Ó DI HÁNÀ

Ẹnì kan lè rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀, pé ìyá ti rí ọmọ, ká máa jó. Rárá o. Ìdajì rẹ̀ ló kù.

Afala wá sábẹ́ ẹ̀kọ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Kì í ṣe nǹkan kékeré. Àgbàlagbà tó ti darúgbó sínú ẹ̀sìn baba rẹ̀, kó wá jókòó kí ọmọ rẹ̀ máa kọ́ ọ bí a ṣe ń gbàdúrà, ìrẹ̀lẹ̀ ńlá ni. Ní oṣù kejì ọdún 1848, Afala gba ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú náà. Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n fún un: Hánà. Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì, Samuel sì ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ́ láti ọdún 1825, nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ìyá òun wà láyé. Orúkọ ọmọ ti ń dúró de orúkọ ìyá fún ọdún 22.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ funfun. Afala ti wọ funfun kí ó tó mọ Krístì. Tó bá jẹ́ pé aṣọ ni ń gbani là, ì bá ti rí ìgbàlà láti Òṣoògùn. Ohun tó yí i padà ni pé ó fi ọkàn rẹ̀ fún Ẹni tó dá ọmọ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ará, sùtánà wa dára, a kò ní bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí aṣọ bá funfun tí inú dúdú, kí ni a fi yàtọ̀? Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀.

Ohun kejì ni èyí. Hánà inú Bíbélì tọrọ ọmọ, ó sì mú un lọ fún Olúwa ní Ṣílò. Afala, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, wọ́n fi agbára gbà á ni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, iṣẹ́ Ọlọ́run ló pè é. Àjàyí kò jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta títí. Ní ọdún 1854, ó bá ọkọ̀ lọ sórí odò Ọya, ó sì tún lọ ní 1857, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Oníṣà. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ odò Ọya di iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wà láàyè lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run jẹ́ kó ṣojú rẹ̀.

Ìyá tó ti dúró fún ọdún 25 ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọmọ òun kò ní lọ mọ́. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Síbẹ̀ ọmọ lọ, ìyá sì dúró nínú ìgbàgbọ́ tó gbà, títí dé òpin. Èkó ni ó kú sí, ní ọdún 1883, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ lọ láìdágbére. Ìgbà kejì, ó mọ ibi tí ọmọ lọ, ó sì mọ Ẹni tó rán an. Ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì nìyẹn.

Ní ọdún 1884, ọdún kan péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, Àjàyí sì ni olórí nínú wọn. Èdè Yorùbá tí ó fi ṣe é, níbo ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Lẹ́nu Afala ni, lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ní Òṣoògùn. Tí ẹ bá ń ka Sáàmù lówùúrọ̀, ohùn ìyá kan wà níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Àkọ́kọ́, a fẹ́ sọ òtítọ́ kan, kí ẹ má bínú sí wa. Kì í ṣe gbogbo ìyá ni Ọlọ́run dá ọmọ padà fún láyé yìí. Àìmọye ìyá ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ni wọ́n dúró títí wọ́n fi kú, tí ọmọ wọn kò padà. Ọmọ àwọn kan wà ní Brésílì títí tí wọ́n fi sin ín síbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ìdílé Àgùdà mọ̀ pé àwọn tó rí ọ̀nà bọ̀ kéré sí àwọn tí kò rí i. Ṣé Ọlọ́run kórìíra àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni? Rárá. Nítorí náà ẹ̀yin aríran, ẹ̀yin alàgbà ẹgbẹ́ wa, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Bí ìyá kan bá wá bèèrè ọmọ rẹ̀, tí Ẹ̀mí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fi irọ́ gba owó àbẹ́là lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ bá a gbàdúrà, ẹ bá a wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè bèèrè ọmọ náà níbi tó wà. Ìyẹn náà tó iṣẹ́ Ọlọ́run.

Èkejì, fún ẹ̀yin òbí. Wọ́n fi ogun gba ọmọ lọ́wọ́ Afala. Àwa ńkọ́? Ogun kò sí, ṣùgbọ́n a ń fi ọwọ́ ara wa fa ọmọ ọdún mẹ́jọ lé ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó ní òun á fi í sí ilé ìwé, tàbí nítorí owó díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan padà dé Kùtọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ kó lọ sí Gàbọ̀n. Gbogbo ayé gbọ́ ọ, ojú tì wá. Ọmọ tí wọ́n rán lọ jíṣẹ́ nírọ̀lẹ́ tí kò padà, ṣé irú rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Kí ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀, kó mọ ẹni tó ń fún, kó mọ ilé rẹ̀, kó máa lọ wò ó. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Àjàyí ń wo ìyá rẹ̀, nínú oko ẹrú pàápàá.

Ẹ̀kẹta, fún ẹ̀yin ọmọ tó wà ní àjò. Ẹ kọ̀wé sílé. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ọwọ́ kò bá tíì tó owó, ohùn yín tó. Àjàyí kò ní ọ̀nà láti fi bèèrè ìyá rẹ̀, ẹ̀yin ní.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dúró, a kò lè sọ ọjọ́ tàbí wákàtí fún yín. Ohun tí a lè sọ ni pé Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà Dada, tó mọ ọ̀nà Sàró, mọ ibi tí ọmọ yín wà. Ẹ di èyí tó kù lọ́wọ́ yín mú. Ẹ tọ́jú ọmọ ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ èyí tó lọ kúrò lẹ́nu yín, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ó bá dé, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó fi pè é.

Olúwa Ọlọ́run Afala, Ọlọ́run Hánà, wo gbogbo ìyá tí oorun kò kùn lójú rẹ̀ nítorí ọmọ. Ẹni tó wà láàyè, dá a padà. Ẹni tó ti sùn, tẹ́ ìyá rẹ̀ nínú. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa ta ọmọ wa. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.